Ohùn Tó Ha, Ọ̀rọ̀ Tó Yéni

Àlejò tí kò gbọ́ orin ilẹ̀ wa rí lè rò pé ohùn tó mọ́ gaara nìkan ni Yorùbá ń pè ní ohùn dídùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Ojú awọ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ í sọ láìsí olùrànlọ́wọ́, síbẹ̀ onílù a tún so ṣaworo yí i ká, kí ohun kan lè máa ró wínrínwínrín tẹ̀lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlù bá sọ. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí egúngún ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé ará ọ̀run kì í fi ohùn ènìyàn lásán bá ni sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ha, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń wá. Àwọn àgbà a máa fi í wé ohùn ìjímèrè. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó ha tó, bí ó bá kí ọ, o mọ̀ pé ìwọ ló kí. Bí ó bá súre fún ọ, o mọ ibi tí ó yẹ kí o ti ṣe àṣẹ. Híha ohùn kò dí ọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ohun èlò kékeré kan tí àwọn onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Fuzz ni wọ́n ń pè é. Àpótí irin ni. Wáyà gìtá ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ inú rẹ̀, wáyà mìíràn ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde lọ sínú áńpílífáyà, èyí tí àwọn olórin ń gé kúrú sí áńpù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń mú kí ohùn gìtá ha. Ẹni tó bá ti lò ó rí mọ̀ pé fuzz tó dùn nínú áńpù kan lè di ariwo lásán nínú òmíràn. Ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń mú àwọn méjèèjì bára mu kò wọ́n ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìmọ̀ràn wọn. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, ǹjẹ́ ohùn náà dùn? Àwa ní láti fi ìbéèrè kan kún un: ǹjẹ́ ohun tí gìtá ń wí yé ẹni tó ń gbọ́? Gìtá tiwọn ń kọrin. Tiwa ń kọrin, ó sì tún ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ló bí fuzz. Ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń gba orin Marty Robbins kan sílẹ̀, “Don't Worry” tó jáde ní 1961, ibì kan dàrú nínú ẹ̀rọ sítúdíò, gìtá Grady Martin sì jáde pẹ̀lú ohùn híha. Wọn kò yọ ọ́ kúrò. Ní 1962 ilé iṣẹ́ Gibson gbé Maestro Fuzz-Tone jáde, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé yóò jẹ́ kí gìtá máa dún bí fèrè. Ọjà rẹ̀ kò yá títí di 1965, nígbà tí Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones lò ó nínú “Satisfaction”. Òun pàápàá kò ní in lọ́kàn pé kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn afunfèrè ló rò pé wọn yóò gba ipò náà nígbẹ̀yìn. Ní 1966 ilé iṣẹ́ Arbiter ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe Fuzz Face, tó rí róbótó bí ìdí ọ̀pá máìkì, Jimi Hendrix sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó tọ́ kí a rántí pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà kàkàkí ni àpótí yìí. Kì í ṣe ẹ̀dà ìlù.

Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1973 àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ BLO, gbé àwo “Chapter One” jáde. Ní ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Èkó, tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege, ṣe “Try and Love”. Gìtá híha pọ̀ nínú àwo méjèèjì, ó sì dùn mọ́ àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà dé ibi tí ó lè dùn dé. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan: ní Zambia, ẹgbẹ́ WITCH àti Paul Ngozi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fuzz ṣe oúnjẹ òòjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn onijùjú. Láti ayé Àyìndé Bákàrè, ẹni tó ti ń fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá sókè láti nǹkan bí 1949, títí dé Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, gìtá tó mọ́ ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe pé wọn kò lówó tí wọ́n lè fi ra àpótí kékeré. Sunny Adé gbé gìtá steel tí Demola Adepoju ń ta wọ inú jùjú, ìyẹn sì wọ́n jù fuzz ogún lọ. Èrò tèmi ni pé etí wọn ló sọ fún wọn. Nínú jùjú, gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń fèsì fún ara wọn, ọ̀kan ń dákẹ́ kí èkejì lè wọlé, gbogbo wọn sì ń ṣọ́ gángan lẹ́nu. Bí a bá da ohun tó ha sí àárín irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀, ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Bí ìjà náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro í ṣàlàyé. Ìgbì ohùn tó ń ti inú gìtá jáde ní òkè àti àfonífojì. Fuzz á ti òkè náà sókè títí yóò fi kan àjà, á sì gé gbogbo ohun tó bá kọjá àjà dànù, orí òkè á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ibi tí a gé yẹn ni ọ̀pọ̀ ohùn tín-ín-rín ti ń jáde, tí wọ́n ga ju ohùn àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn ni a ń gbọ́ tí a ń pè ní híha. Bí okùn kan ṣoṣo bá ń dún, kò sí ewu, nítorí pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí okùn méjì bá dún pọ̀, ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èkejì ní ìgbà 300, fuzz á bí ohùn 100 àti ohùn 500 láàárín wọn, ohùn tí ìka ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Àwọn tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí ṣì bára mu. Ọ̀pọ̀ kì í bára mu.

Ní èdè tí òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn kì í ti í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, adùn nìkan ni èyí lè bàjẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ohùn àjèjì kan tó bá yọjú láàárín méjì lè sọ ìyìn di èébú. Àìdákẹ́ fuzz tún wà ńbẹ̀. Onílù tó mọṣẹ́ ń fi àlàfo ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ó ń rọra lu èyí, ó ń fi agbára lu tọ̀hún. Fuzz á sọ kékeré àti ńlá di ọgbọọgba, á fa ìparí ọ̀rọ̀ kan wọ inú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú iṣu gbígbóná lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ọkàn mi fún ìgbà pípẹ́ yìí di ọ̀ranyàn ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2018, nígbà tí a fẹ́ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjàrà-Ìsin. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n kí ó tó di olùkọ́ ó ti bá ẹgbẹ́ olórin kan ta gìtá ní Ìlọrin láàárín ọdún 1970 sí 1979, fuzz tó lò nígbà náà sì wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ń ta gìtá, ní gìtá ni òun yóò fi ki oríkì ilé wa ní ojúde níjọ́ ìsìnkú, fuzz bàbá òun ni òun yóò sì gbà á kọjá.

Ẹnu àwọn ẹbí kò kò. Àwọn kan ní ìwà ìgbéraga ni. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ àgbà àwọn obìnrin ilé, tó jẹ́ pé láti ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wa ti gbọ́ oríkì náà, kò bínú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ohun tó wí kò ju pé, “Bí ó bá kì í tó yé mi, kó kì í. Bí kò bá yé mi, kó má lọ fi baba rẹ̀ ṣẹ̀sín láàárín ọjà.” Ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tútù, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ìdájọ́ ni. Oríkì tí a kì ṣì níjú òkú kì í ṣe ohun tí a ń tọrọ àforíjì lé lórí kí ó tán. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ìlú Ìjàrà kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ibẹ̀ ni a sì ti háyà ẹ̀rọ: gbohùngbohùn ńlá méjì tó ní họ́ọ̀nù lórí, àti míksà. Bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, ọmọ náà ti wáyà láti inú fuzz bọ inú míksà tààrà, láìsí áńpù gìtá láàárín. Ohùn tó jáde burú. Ó dà bí oyin tí a dé mọ́ inú agolo. Ìyá Àgbà béèrè láti inú yàrá bóyá ẹnìkan ń lọ ata ni.

Họ́ọ̀nù ni ohun àkọ́kọ́ tó fà á. Sípíkà inú áńpù gìtá, oníìnṣì 12, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá ti kọjá ìgbọ̀n 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àìlera ni lójú ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àìlera yìí ni ààbò fuzz: gbogbo ohùn tín-ín-rín tó ń gúnni létí, inú páálí sípíkà ló ń parí sí. Họ́ọ̀nù kò fi ọ̀kan ṣòfò. Gbogbo rẹ̀ ló ń jù sí àwùjọ lójú. N kò sọ pé họ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀tá o. Ẹgbẹ́ Konono N°1 ní Kinshasa fi irú rẹ̀ àti òòfà tí wọ́n yọ láti ara ọkọ̀ àlòkù gbé ohùn likembe wọn sókè, nígbà tí àwo “Congotronics” sì jáde ní 2004, gbogbo ayé ló jó sí i. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ ẹ̀rọ wọn lójú, wọ́n sì ti gbé orin wọn ka orí rẹ̀. Àwa ní ọjọ́ mẹ́ta péré.

Ọmọ náà ní áńpù kékeré kan ní Ìlọrin, ti tirasísítọ̀, pẹ̀lú sípíkà oníìnṣì 12. Ó lọ gbé e wá. Áńpù bàbá rẹ̀ gan-an, onífáàfù, ti kú ṣáájú ẹni tó ni ín. Bí ó bá wà ni, ì bá mú iṣẹ́ wa rọrùn, nítorí pé fáàfù tí a bá ti ru sókè tó kì í gé ohùn lójijì. Ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ ni, á sì bá fuzz gbé nínú ẹrù náà. Áńpù tirasísítọ̀ kì í gbé ẹrù ẹnikẹ́ni. Ohun tí fuzz bá fi lé e lọ́wọ́ ló ń gbé jáde, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀.

Ọmọ náà kọ́kọ́ yàn ìhà tí áńpù fúnra rẹ̀ ti ń ha, ó rò pé híha méjì yóò lé ní dídùn. Ẹrẹ̀ ló jáde. Ohùn tí a ti gé lórí lẹ́ẹ̀kan, tí a tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, kò ní ìrísí kan mọ́, okùn ìsàlẹ̀ sì ń gbìn bí ẹni tó yó jù. Mo ní kó padà sí ìhà tó mọ́, kó dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, kó dín ti òkè náà kù, kó wá gbé ti àárín sókè dáadáa. Àárín yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ áńpù tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà ń gbẹ́ àárín kúrò, ọ̀pọ̀ fuzz náà sì ń gbẹ́ ẹ. Bí a bá so irú méjèèjì pọ̀, gìtá á dùn nínú yàrá, ṣùgbọ́n tí ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀ á pòórá.

Síbẹ̀ ohùn náà ṣì ń ké jù. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà ni mo rí i: ó ń lo ẹ̀rọ aláìlókùn, èyí tó ń fi ohùn gìtá ránṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kí olórin lè máa rìn káàkiri. Irú fuzz àtijọ́ yìí fẹ́ kí òun àti gìtá fara kanra. Ó ń fa gìtá, gìtá ń fà á; ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá dín ohùn kù láti ara gìtá fúnra rẹ̀, híha á rọlẹ̀, ohùn á mọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí pé a fọwọ́ kan fuzz. Bí ẹ̀rọ mìíràn bá ti dá sí i láàárín, àdéhùn yẹn bàjẹ́. A yọ ẹ̀rọ aláìlókùn, a fi wáyà kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà kò dùn sí i, ó fẹ́ rìn. Mo ní bàbá rẹ̀ kò rìn.

Ti iná náà kò kéré. Ó fẹ́ fi adápútà kan ṣoṣo bọ́ fuzz àti àwọn àpótí rẹ̀ yòókù. Mo kọ̀ fún un. Nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀, ìhà rere bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin; bí a bá fi adápútà kan náà bọ́ ọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣe ní ìdàkejì, iná á pàdé iná, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́. Bátìrì 9 volt tuntun ló tó o, kò sì ní í kó hùn-ùn jẹnẹrétọ̀ wọlé.

Nígbà tí a ti ṣe gbogbo èyí, ọmọ náà yí híha kúrò ní òpin, ó mú ohùn gìtá wá sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún di okùn kí ọ̀rọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ra. Okùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó ta òwe kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Láti inú yàrá, Ìyá Àgbà gba òwe náà lẹ́nu gìtá, ó parí rẹ̀, ó sì béèrè pé, “Ta ni ọ̀fìnkìn ń dà láàmú nínú yín?” Ẹ̀rín pa wá. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ti gbọ́ híha. Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Máìkì kan ni a wá gbé síwájú sípíkà áńpù náà, a kò dojú rẹ̀ kọ àárín gbùngbùn, ẹ̀gbẹ́ ni a gbé e sí, kí gbohùngbohùn ńlá lè gbé ohun tí sípíkà ti sẹ́ fún gbogbo ojúde.

Ohun tó kù ni oòrùn. Tirasísítọ̀ inú fuzz ìgbà náà, germanium ni wọ́n fi ṣe é, germanium kò sì fẹ́ràn ooru. Bí ara rẹ̀ bá ṣe ń gbóná ni iná ń jò gba inú rẹ̀ kọjá. Ìwọ̀nba ooru 10 tó bá gorí rẹ̀ tó láti sọ jíjò náà di ìlọ́po méjì. Ohùn á kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà á máa já pátápátá bí ẹni tí ẹkún ń dí lọ́fun. Àwọn tó fi silicon rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá kò jẹ̀bi. Silicon le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò rọ̀ tó, ọmọ náà kò sì fẹ́ fuzz mìíràn yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀. Ìdánwò wa ti wáyé ní àárọ̀ kùtùkùtù. Agogo kan ọ̀sán ni ìsìnkú, ní oṣù Ẹrẹ́nà, ní Ìgbómìnà.

A fi aṣọ ìnura tí a rẹ sínú omi tí a sì fún gbẹ sí abẹ́ àpótí náà, lórí ọ̀rá kí omi má bàa wọ inú rẹ̀, a sì gbé e sí abẹ́ kánópì. Nígbà tí ó kàn án, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ orílẹ̀ wa. Ní ìlà kẹta, Ìyá Àgbà dìde lórí àga, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gbé ohun tí gìtá ń wí, gìtá ń ṣáájú, òun ń tẹ̀lé, nígbà tó yá òun ni ó ń ṣáájú. Àwọn obìnrin ilé yòókù gbà á. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà. Oòrùn yí, òjìji kánópì kúrò lórí fuzz, ohùn gìtá sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ní àárín ọ̀rọ̀. Ọmọ náà kò dáwọ́ dúró. Ó fi ẹsẹ̀ rọra ti àpótí náà títí ó fi wọ inú òjìji áńpù, ó dúró díẹ̀ kí Ìyá Àgbà fi sọ gbólóhùn kan parí, ó sì tún wọlé.